Abẹ́rẹ́ Ń Tán, Ìyá Rẹ Kò Dé

Adja-Ouèrè,
28 oṣù kẹrin, 2024

Fàdílátù ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Akínbáyọ̀ ọkọ rẹ ńkọ́? Ràzákì ńkọ́, ṣé ó ti ń sáré kiri? Àwa tí ẹ fi sílẹ̀ nílé, a ṣì ń mí. Òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí. Àwọn ará Massè ti gbin àgbàdo, ẹyẹ sì ti ń hú u.

Fábọ̀dé awakọ̀, ọmọ Kpoulou, ló sọ fún mi pé ìyá rẹ ti gúnlẹ̀ sí Abidjan láyọ̀. Òun náà ni mo fi lẹ́tà yìí rán sí ọ. Má bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè yín. O mọ̀ pé etí mi ò gba fóònù mọ́, àfi kí wọ́n ṣí ohùn rẹ̀ sókè, bí wọ́n bá sì ti ṣí i sókè báyìí, gbogbo agboolé á máa bá mi dáhùn. Ìwé ò ní ariwo.

Nígbà tí ìyá rẹ ń múra àtilọ, èmi fúnra mi ni mo dìde láàárín ẹbí tí mo ní: "Sàlímátù, lọ wo ọmọ rẹ, lọ gbé ọmọ ọmọ rẹ jó, sinmi dáadáa, má kánjú." Gbogbo ẹbí ló yìn mí. Mi ò mọ̀ pé ó máa gbọ́ràn sí mi lẹ́nu tó báyìí. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, èyí nìkan ni ọ̀rọ̀ mi tó gbà láìjiyàn.

Bá mi bi í léèrè níbo ló fi iyọ̀ sí. Bi í pé ìkòkò wo là ń gbé kaná fún omi ìwẹ̀, nítorí èyí tí mo gbé kaná, òórùn ẹja ń jáde nínú rẹ̀. Adìẹ rẹ̀ funfun ti sọ àpótí aṣọ mi di ìtẹ́. Ó yé ẹyin sórí agbádá Lèmọ́mù, èyí tí mò ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ ọnà sí, tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ sí yídì lọ́jọ́ Iléyá. Àmọ́ kí ọkàn rẹ̀ má dàrú o. Pélagie, ìyàwó aládùúgbò wa ní ilé kejì, ń gbé oúnjẹ wá fún mi. Ó mọ ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ sè. Ka ibi ọbẹ̀ yẹn sókè dáadáa sí i létí.

Mi ò ní kó máa bọ̀ o. Iyọ̀ ni mo bèèrè.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàlámì aránṣọ


Yopougon, Abidjan,
9 oṣù karùn-ún, 2024

Bàbá mi,

Ọmọ yín kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àdánìkanwà. Ràzákì ń kí Bàbá Agbádá. Orúkọ tí Màámi kọ́ ọ láti máa pè yín nìyẹn.

Iyọ̀ wà nínú agolo mílíìkì tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Màámi ní ibẹ̀ ló ti wà kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n ní ìkòkò omi ìwẹ̀ ni èyí tó dúdú jù, wọ́n sì ní kí ẹ jẹ́ kí adìẹ àwọn sinmi. Mo ka ibi ọbẹ̀ Pélagie sókè bí ẹ ṣe ní kí n kà á. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? Wọ́n ní, "Ọlọ́run á san án fún Pélagie. Ọkàn mi balẹ̀ báyìí." Wọ́n sì tún ọmọ pọ̀n.

Bàbá, Màámi ti gba Yopougon mọ́ wa lọ́wọ́. Ilé tí à ń gbé, ìdílé púpọ̀ ló yí àgbàlá kan ká, tẹ́lẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í bi ẹnikẹ́ni pé ṣé ó jí ire. Ní báyìí, kò sẹ́ni tó lè gbé omi kọjá láìkí Màámi. Àwọn aládùúgbò ń kí wọn ní Faransé, Màámi ń dáhùn ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ sì ń yé tọ̀túntòsì. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí onílé wa, bàbá arúgbó kan, wọ́n kúnlẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà rò pé wọ́n ṣubú ni. Ó ju ọ̀pá rẹ̀ nù, ó di Màámi lápá mú, ó ń pariwo pé kí a gbé omi wá. Àtíékè tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ rírin sè níbí, tí gbogbo ìlú ń jẹ láàárọ̀ lọ́sàn-án, Màámi ní gaàrí tí wọn ò ní sùúrù fún ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sílé. Bàbá Ràzákì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Màámi, ṣé a ṣẹ̀ yín ni? Kí lẹ fẹ́ sáré lọ ṣe?" Màámi rẹ́rìn-ín, wọ́n dúró. Inú wọn ń dùn, ẹ má wulẹ̀ ṣàníyàn.

Ohun kan ṣoṣo: kí ló dé tí ẹ ń kọ̀wé gàdàgbà-gàdàgbà báyìí? Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló ń kún ìlà kan. Ṣé ara ògiri lẹ ti ń kọ ọ́ ni?

Ọmọ yín,
Fàdílátù


Adja-Ouèrè,
17 oṣù karùn-ún, 2024

Fàdílátù,

Mo rí iyọ̀. Mo ti kọ́kọ́ fi ṣúgà se ọbẹ̀ kí lẹ́tà rẹ tó dé, ẹ̀yin lẹ mọ̀.

O ní ìwé mi tóbi. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, kì í gba ihò kékeré kọjá.

Akínbáyọ̀ ọmọ dáadáa ni. Ó mọ bí a ṣe ń ṣe àna. Kí Ọlọ́run bá a dín in kù díẹ̀.

Sọ fún ìyá rẹ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń yan gaàrí ní Oko-Akarè ń bèèrè rẹ̀. Sọ fún un pé òrùlé ilé ìdáná ń jò. Sọ fún un pé ewúrẹ́ bí ìbejì. Sọ fún un pé abẹ́rẹ́ inú tìmùtìmù ti ń tán. Sọ fún un pé Pélagie bá mi fọ aṣọ lọ́jọ́ Jímọ̀, orin ló sì ń kọ bó ṣe ń fọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí o kà á fún un, má fo ìkankan.

Àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí. Lánàá, Fágbèmí adẹ́mu láti Massè dá mi dúró lọ́nà ọjà, ó ní, "Sàlámì, ṣé Abidjan ti gba ìyàwó rẹ ni?" Mo ní èmi ni mo ní kó dúró. Ó wo bùbá tí mo wọ̀, bọ́tìnì rẹ̀ ti já. Ó ní, "Ó hàn lára rẹ." Èmi tí mò ń ránṣọ fún gbogbo ìlú!

Mi ò ní kó máa bọ̀ o. Ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda ìyàwó níwájú ẹbí kò lè fi ẹnu kan náà pè é padà, wọ́n á ní kò lè ro ọkà fún ara rẹ̀. Àmọ́ àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òwe lásán ni mo pa.

Bàbá rẹ,
Sàlámì


Abidjan,
25 oṣù karùn-ún, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ìfaradà. Mo ti jíṣẹ́ yín, àmọ́ kí n má purọ́, mi ò jẹ́ ẹ tán. Màámi ń wẹ Ràzákì lọ́wọ́ nígbà tí mo ń kà á, ọmọ sì ń ké. Mo ka ewúrẹ́ tó bí ìbejì. Mo ka Pélagie àti orin rẹ̀. Màámi ní, "Orin wo ló ń kọ?" Mo ti rò pé ẹ ti rí ohun tí ẹ ń wá, àfi bí wọ́n ṣe ní Pélagie lóhùn, pé ó yẹ kó máa kọrin. Mo fo òrùlé àti abẹ́rẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ló yẹ ká fi da ìsinmi àlejò rú? Mo lọ sọ́jà, mo ra odindi páálí abẹ́rẹ́ fún yín, àwọn tó mú dáadáa. Mo ti fi rán Fábọ̀dé. Ẹ ò ní wá abẹ́rẹ́ títí di Iléyá ọdún tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè sọ fún Màámi. Yàrá kan àti pálọ̀ la ní. Màámi àti ọmọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú mi, bàbá Ràzákì ń sùn lórí ẹní ní pálọ̀, láàárín tẹlifíṣọ̀n àti àpò ìrẹsì. Ìbàdí ti ń dùn ún. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Màámi tún ní àwọn fẹ́ máa lọ. Ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú, ó tún dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ṣé a ṣẹ̀ yín ni?" Èmi ni mo fà á dìde. Bàbá, mo ti ń rò ó pé Màámi ò fẹ́ lọ rárá, pé ẹ̀bẹ̀ yẹn ló ń dùn mọ́ wọn. A kì í sì í bi àlejò pé ìgbà wo ló máa lọ, ká má tíì wá sọ pé ìyá ẹni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín o.

Ìwé yín tún ti tóbi sí i. Ìlà kẹta ti gun ìlà kejì lórí.

Ọmọ yín,
Fàdílátù


Adja-Ouèrè,
31 oṣù karùn-ún, 2024

Fàdílátù,

Mo rí abẹ́rẹ́ gbà. Wọ́n mú. Wọ́n ti gún mi. Ọmọ tí mo rán lọ sí ilé ìwé kó lè máa ka ìwé fún wa, òun ló ń fo ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ bí ẹní fo gọ́tà.

Jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀ fún ọ. Ojú mi ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ó ti pẹ́ díẹ̀. Mò ń rí aṣọ, mò ń rí ìlà tí mo fi ṣọ́ọ̀kì fà, ọwọ́ mi sì mọ iṣẹ́ yẹn bó ṣe mọ ọ̀nà ẹnu. Àmọ́ ihò abẹ́rẹ́, mi ò rí i. Ìyá rẹ ló ń bá mi ti òwú bọ̀ ọ́. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsúbáà, á jókòó tì mí, á fi itọ́ rin òwú, á máa bá mi jà lórí ohun tí mo ṣe lánàá, á sì máa gún abẹ́rẹ́ mọ́ tìmùtìmù kékeré yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí oníbàárà tó dé, gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ̀yin ọmọ gan-an ò mọ̀.

Kó tó máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, ó ti òwú bọ gbogbo abẹ́rẹ́ tó wà nílé, ó gún wọn mọ́ tìmùtìmù títí ó fi dà bí òòrẹ̀. Ó ní, "Bí wọ́n bá ti ń tán, ránṣẹ́ sí mi, màá wá." Mo ránṣẹ́. O fò ó. Èmi wá jókòó síbí, mò ń rò pé ó gbọ́, ó sì ń bá ọmọ ṣeré lọ. Ó dùn mí. Mi ò fi ìyẹn ṣàwàdà.

Iléyá ti kù fẹ́ẹ́fẹ́. Mo ti ṣe àyà agbádá Lèmọ́mù tán, mi ò tíì fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, abẹ́rẹ́ tó lówùú nínú ò sì pọ̀ mọ́. Bí n kò bá parí rẹ̀, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ṣe tiwọn ló máa gbà á, ìlú á sì mọ̀ pé iṣẹ́ Sàlámì ti tán. Má sọ fún mi pé kí n bẹ ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti lọ sídìí ẹ̀rọ. Bí Pélagie bá sì gbọ́ ọ láàárọ̀, Kpoulou á gbọ́ ọ kí oòrùn tó kan àtàrí.

O ní ìyá rẹ ò fẹ́ lọ. Ta ló sọ fún ọ? Obìnrin tó wà nílé àna rẹ̀, tí àna dọ̀bálẹ̀ fún tó ní "ṣé a ṣẹ̀ yín ni", báwo ló ṣe máa dìde? Bó bá lọ, ó ti jẹ́wọ́ pé wọ́n ṣẹ̀ òun nìyẹn. Àyè ló ń tọrọ, ẹ sì ń dè é mọ́lẹ̀. Akínbáyọ̀ ń bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀wọ̀, òun náà ń dúró nítorí ọ̀wọ̀, èmi ò pè é nítorí ọ̀wọ̀, ìbàdí ọmọ ọlọ́mọ sì ń kú lọ. Sọ fún ọkọ rẹ kó má bẹ̀bẹ̀ mọ́. Kó gbé ẹ̀bùn jáde, kó ní, "Ẹ bá wa kí Bàbá nílé." Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń ṣí ilẹ̀kùn.

Ka èyí fún un láti òkè dé ilẹ̀. Wàyí o, mo ní kó máa bọ̀.

Sàlámì


Abidjan,
6 oṣù kẹfà, 2024

Bàbá mi,

Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Mo ka lẹ́tà yín fún Màámi, mi ò fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Nígbà tí mo dé ibi tìmùtìmù, ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n ní, "Gbogbo ìgbà tí mò ń bi ọ́ pé kí ni bàbá rẹ tún wí, tí ò ń ní kò sí, ṣé ohun tí kò sí nìyí?"

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n ti ń retí. Wọ́n ní bó bá dé, àwọn á rí ohun tí àwọn á fi dá bàbá Ràzákì lóhùn. Nígbà tí kò dé, wọ́n rò pé ẹ ti rí ẹlòmíràn tó ń bá yín ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Bàbá, ọbẹ̀ Pélagie ò dun Màámi, orin rẹ̀ ò dùn wọ́n. Abẹ́rẹ́ yẹn ló dùn wọ́n. Báàgì tí mo rò pé wọ́n ti tú, aṣọ orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń yọ wọ̀. Ìyókù ṣì wà bí ẹ ṣe bá wọn dì í.

Bí bàbá Ràzákì ṣe dé láti ibi iṣẹ́, Màámi ní àwọn fẹ́ máa lọ. Orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀, ó ti ní "Ṣé a..." Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, kó lè rántí ohun tí mo ti sọ fún un. Ó wò mí, ó wọlé lọ gbé ìró méjì tí a rà jáde, ó ní, "Ẹ bá wa kí Bàbá nílé." Màámi bú sẹ́kún, wọ́n sì tún ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n súre fún un títí oúnjẹ fi tutù. Ó ti ń wo bẹ́ẹ̀dì bí ẹni rí ọ̀rẹ́ ìgbà èwe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà. Nígbà tí bàbá Ràzákì ń ní kí wọ́n má lọ, ọ̀wọ̀ ni. Nígbà tí èmi ń sọ ọ́, òótọ́ ni. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, kò sẹ́ni tó ń fi oríkì jí mi láàárọ̀ àfi ìgbà tí Màámi dé. Màá sunkún díẹ̀ lọ́la. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, màá ríran di báàgì wọn.

Fábọ̀dé ló ń gbé wọn bọ̀. Lábẹ́ ìró tuntun, ẹ máa rí nǹkan kékeré kan tí mo dì sínú bébà, irin pẹlẹbẹ tó ní wáyà tín-ín-rín lẹ́nu. Obìnrin tó ń ta òwú lọ́jà ló fi hàn mí. Ẹ á ti wáyà náà bọ ihò abẹ́rẹ́, ẹ á fi òwú kọ́ ọ, ẹ á fà á padà. Kò nílò ojú, ọwọ́ lásán ló ń wá ihò náà. Bí Màámi bá tún rìnrìn àjò, abẹ́rẹ́ ò ní tán mọ́ yín lọ́wọ́. Mi ò tíì sọ fún wọn.

Ọmọ yín tó ń kàwé láìfò mọ́,
Fàdílátù


Adja-Ouèrè,
19 oṣù kẹfà, 2024

Fàdílátù ọmọ mi,

Ẹ kú ọdún o. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀.

Ìyá rẹ dé láyọ̀. Bó ṣe sọ̀kalẹ̀ lórí alùpùpù zẹ́mì tó gbé e láti gáréèjì, gbogbo agboolé jáde wá kí i káàbọ̀. Ó ní òun ń bọ̀ wá dá wọn lóhùn. Ó wọ yàrá, kò tú gèlè, ó jókòó sórí ẹní, ó ní, "Kó wọn wá." Mo kó abẹ́rẹ́ Abidjan wá, odindi páálí. Ó fi itọ́ rin òwú. Ẹ̀yìn èyí ló tó kí mi. Ìkíni náà gùn, kò ṣeé kọ sínú ìwé. Bọ́tìnì bùbá mi wà nínú rẹ̀, ṣúgà tí mo fi se ọbẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mi ò jiyàn.

Lèmọ́mù wọ agbádá rẹ̀ lọ sí yídì. Gbogbo èèyàn ló ń wò ó. Ìlà kan wọ́ díẹ̀ lẹ́yìn. Ìyá rẹ ní ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ Pélagie ló fà á. Ó ti fún Pélagie ní ọ̀kan nínú ìró méjèèjì pé kó ṣeun, ó sì ti gba gbogbo abọ́ wa padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bá mi kí Akínbáyọ̀, bá mi kí ìbàdí rẹ̀ náà. Ìgbà tí ìyá rẹ bá tún ń bọ̀, èmi náà á tẹ̀lé e, kí ẹ yáa wá ẹní kún ẹní. Lọ́jọ́ tí a bá dé gan-an ni kí o bi wá pé ìgbà wo la máa lọ. A ò ní bínú.

Ó ku ẹyọ kan. Mo rí irin tó o dì sínú bébà. Lánàá, nígbà tí ìyá rẹ lọ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oko-Akarè, mo ti ilẹ̀kùn, mo dán an wò. Òótọ́ lo sọ, kò nílò ojú. Òwú wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dì í mú, mò ń wò ó. Mo bá fa òwú náà yọ, mo di irin náà padà sínú bébà rẹ̀, mo sì fi í pamọ́ sínú àjà.

Ìyá rẹ dé lẹ́yìn ìrun àsárì, ó ní ṣé mo wulẹ̀ jókòó báyìí láti àárọ̀. Mo na abẹ́rẹ́ àti òwú sí i. Má sọ fún un.

Bàbá rẹ,
Sàlámì aránṣọ